Àwòrán òkun dúdú tẹ́ ẹ bá nínú àpótí bàbá yín: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá mezzotint ni

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá rí àwòrán òkun àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi nínú ìjì tàbí òṣùpá lórí omi, ẹ má tíì sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ oní-fírémù ní Lágere. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ti gé gbogbo etí ẹ̀ dànù kó lè wọ fírémù, orúkọ ẹni tó fín in sì wà lára ohun tí wọ́n gé yẹn, ó dùn mí wọra.

Mezzotint jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fín àwòrán sára páànù bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, inú òkùnkùn ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi irin eléyín wẹ́wẹ́ yí ojú páànù bàbà síwá sẹ́yìn títí gbogbo ẹ̀ á fi rí hárahàra, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyẹn dúdú kirikiri ló máa jáde, ibi tí wọ́n bá wá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ ni wọ́n á máa fá díẹ̀díẹ̀, bí oníṣẹ́ igbá ṣe ń ha èèpo igbá kí funfun ẹ̀ lè yọ. Ludwig von Siegen, ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1642. Turner, ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1775–1851), fi ṣe Liber Studiorum láàárín 1807 sí 1819, àwòrán 71 ló jáde níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1820 ó tún fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe díẹ̀ tí kò tà rárá títí ó fi kú, ọ̀kan ni Shields Lighthouse, òṣùpá ń tàn lórí òkun níbẹ̀, ẹ rí i pé irú ẹ̀ á ṣọ̀wọ́n gan-an! Bàbà náà kì í pẹ́ jẹ, èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ tẹ̀ ló máa ń dúdú jù.

Ẹ fọwọ́ yín kó gbẹ. Ẹ fi lẹ́ǹsì tàbí kámẹ́rà fóònù wo ibi tó dúdú: tó bá jẹ́ tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ bíi ti ìwé ìròyìn, ẹ̀dà ẹ̀rọ ni. Mezzotint máa ń dúdú múlọ́múlọ́ bí fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ibi tó mọ́lẹ̀ sì máa ń ku àmì eyín irin yẹn wínníwínní. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ibi tí etí páànù ti tẹ ìwé wọlé. Lábẹ́ ẹ̀, orúkọ ayàwòrán sábà máa ń wà lápá òsì, ti ẹni tó fín in lápá ọ̀tún.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ má sì lámínéètì ẹ̀ láéláé. Òjò Ifẹ̀ yìí máa ń mú kí ìwé bu, torí náà ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri tí òjò ń pa, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín òun àti gíláàsì, kí páálí ẹ̀yìn ẹ̀ má ní ásíìdì, kí oòrùn má máa ta sí i. Tó bá ṣì ń ṣe yín bákan, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka Fine Arts ní OAU, inú páálí méjì tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ má ká a.