Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ ìkànnì Alhájà

₦2,000 ni mo ra theme náà, aṣọ tí wọ́n ń gbé wọ ìkànnì kó lè rẹwà, lórí Telegram. Dọ́là 59 ni ẹni tó ṣe é ń tà á. Mo ṣẹ́ dọ́là náà sí náírà, mo rí i pé yóò gbé ìdajì owó tí Alhájà fẹ́ san fún gbogbo iṣẹ́ náà lọ, mo bá bi ara mi pé ta ló ń ra theme ní Nàìjíríà gan-an? Ọgbọ́n tí mo gbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí mo fi san án, tòun ti dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti ìtìjú.

Àdìrẹ ni Alhájà ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn tó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n bá àwọn ṣe ìkànnì tí èèyàn á ti máa wo aṣọ, táá sì máa ná an. WordPress, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ni mo lò, mo fi WooCommerce sí i kó lè di ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń ra domain (orúkọ ìkànnì), bí wọ́n ṣe ń gbé WordPress sórí hosting (ààyè tí wọ́n ń háyà fún ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì), bí wọ́n ṣe ń to àwòrán sójú ewé, ẹ ti mọ gbogbo ìyẹn, n kò ní fi fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo gbé iṣẹ́ fún wọn, wọ́n sanwó, wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, Alhájà pè mí láàárọ̀ Sátidé.

"Ọmọ mi, kí lo gbé sínú nǹkan yìí? Ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun tẹ̀ ẹ́, ilé tẹ́tẹ́ ló gbé òun lọ. Wọ́n tún ní òun ti jẹ ẹ̀bùn fóònù."

Mo ṣí ìkànnì náà lórí láptọ́ọ̀pù mi lójú ẹsẹ̀. Aṣọ ni mo rí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àdìrẹ oníko, gbogbo wọn jókòó síbi tí mo tò wọ́n sí. Mo ní, "Alhájà, ẹ má bínú mà, ó jọ pé fóònù tiwọn ló ní àrùn."

Ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì níbí, torí n kò tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Fóònù rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Irú àrùn yìí mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Bí ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì bá wọlé, á panu mọ́, á pa àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì onítọ̀hún mọ́ sórí, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ti Google wá, tó ń fi fóònù wò ó, ìyẹn ló máa gbé lọ. Nítorí náà, tí oníbàárà bá pè yín lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ má tíì ṣe àlàyé kankan. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ fi dátà fóònù wá orúkọ ìkànnì náà lórí Google, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà jẹ fóònù.

Mo fi Wordfence, ẹ̀ṣọ́ tó ń wá àrùn nínú WordPress, sí i, èyí tí kì í gbowó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi fáìlì WordPress tó wà lórí hosting yín wé ojúlówó tó wà ní wordpress.org, á sì pariwo èyí tí kò bá bára mu. Ó bá mi rí wp-vcd.php, wp-tmp.php àti wp-feed.php nínú fódà wp-includes. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí WordPress fi síbẹ̀. Lókè functions.php theme náà, fáìlì tó ń sọ iṣẹ́ tí theme á máa ṣe, kóòdù kan jókòó tó ń retí kí ẹnì kan láti ìta fi "action" àti "password" ránṣẹ́ sí i, kó lè ṣe ohun tí onítọ̀hún bá ní kó ṣe. Nínú theme yẹn kan náà ni mo ti bá class.theme-modules.php, fáìlì tó di ẹrù gbogbo wọn wọlé. Orúkọ aṣọ ni wọ́n fún olè.

Mo wá orúkọ rẹ̀ kiri, mo rí i pé WP-VCD ni wọ́n ń pè é, àti pé Wordfence ti kọ ìròyìn gígùn nípa rẹ̀ láti 2019. Ibi tó dùn mí jù nínú ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn tó ń pín theme olówó lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn náà ló fi àrùn sínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ọjà wọn bàjẹ́ lọ́nà. Àrùn yẹn gan-an ni ọjà.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn pé GPL, ìwé àṣẹ ìlò tí WordPress ń lò, fàyè gba kéèyàn pín theme fún ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n GPL kò sọ ohun tí ẹni tó pín in fún yín ti pò mọ́ ọn.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́ gbà mí ní wákàtí mẹ́ta. Mo yọ àwọn fáìlì náà, mo gé kóòdù òkè functions.php sọnù, mo ju fódà wp-admin àti wp-includes àtijọ́ nù, mo wa WordPress tuntun sílẹ̀ láti wordpress.org, mo fi rọ́pò wọn. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù mi padà. Orí mi wú débi pé mo gbé àwòrán "No issues" tí Wordfence fi hàn mí, pé kò sí ìṣòro, sórí status WhatsApp mi. Alhájà ní Ọlọ́run á máa là mí lọ́nà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wp-vcd.php ti padà síbẹ̀.

Ó dáa, mo ní kí n dá backup, ẹ̀dà ìkànnì tí mo tọ́jú, padà. Ibi tí mo tọ́jú backup sí ni hosting kan náà, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́jọ ni theme yìí ti wà lórí ìkànnì. Àìsàn náà ni mo tún fẹ́ gbé padà wọlé. Mo wo àwọn tó lè wọ ìkànnì, mo bá administrator kan, ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo ìkànnì, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ 1 àti 0 ṣáá, 100010010. Èmi kọ́ ni mo dá a, Alhájà kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dá a. Mo yọ ọ́. Mo yí páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì àti ti cPanel, ibi tí mo ti ń ṣàkóso hosting. Mo gba salt tuntun, àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí tí WordPress fi ń dá ẹni tó ti wọlé mọ̀, láti api.wordpress.org, mo fi rọ́pò èyí tó wà nínú wp-config.php, fáìlì ètò WordPress, kí gbogbo ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ lè di ẹni tó tún gbọ́dọ̀ wọlé. Ìyẹn ni ìfọ̀ kejì. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn ará ilé mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé-iṣẹ́ tí mo gba hosting lọ́wọ́ wọn ti àkáùńtì náà pa. Lẹ́tà wọn sọ pé ìkànnì náà ń da àwọn tó jọ wà lórí sáfà, kọ̀ǹpútà wọn tó gbé ìkànnì wa, láàmú, pé kí n yọ gbogbo fáìlì àrùn kúrò kí àwọn tó ṣí i. Kò burú. Mo fẹ́ wọ cPanel kí n yọ wọ́n, cPanel ti tì. FTP, ọ̀nà mìíràn tí mo fi ń gbé fáìlì, ti tì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta, wọ́n ní kí n gbálẹ̀ inú ilé mọ́ kí àwọn tó ṣí i fún mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bá wọn sọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn lórí chat ní òun mọ bó ṣe ń ṣe mí. Ẹni kejì ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni kẹta fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi padà, bí ẹni pé mo sọ ọ́ nù. Ẹni kẹrin ní tí mo bá lè san ₦45,000, àwọn á bá mi fọ̀ ọ́. Mo pa láptọ́ọ̀pù dé, mo jáde lọ jẹ ẹ̀wà. Nígbà tí mo padà, chat ti já, ẹlòmíì ló dé, ó kí mi káàbọ̀, ó ní kí ni òun lè ṣe fún mi.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Alhájà ń pè láàárọ̀, wọ́n ń pè lálẹ́. Wọn kò bínú, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. "Ṣé wọn ò tíì ṣí i, ọmọ mi?" Wọn kò tíì ṣí i, mà.

Ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àwọn lè tì í fún gbogbo ayé, kí àwọn ṣí i fún IP tèmi nìkan, ìyẹn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ gbọ́ o: ó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní! Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má béèrè pé kí wọ́n ṣí i, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún IP yín. Àmọ́ dátà fóònù ni mo ń lò, gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já ni IP ń yí padà, ní àdúgbò wa ó sì ń já bí òwú. Ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi kan ni mo lọ lọ́jọ́ kẹfà, ibi tí wọ́n ti ní íntánẹ́ẹ̀tì tí IP rẹ̀ kì í yẹ̀. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fotokọ́pì wọn bí ẹni tó wá wáṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe látọjọ́ àkọ́kọ́. N kò fọ nǹkan kan. Mo ṣí Raw Access nínú cPanel, ìwé tí sáfà ń kọ gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn sí, mo wo ọ̀gànjọ́ òru tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tì í. IP kan ń fi POST, ìyẹn ìsọfúnni tí wọ́n ń tì wọnú ìkànnì, ránṣẹ́ léraléra. Kì í ṣe ìkànnì Alhájà ló ń fi ránṣẹ́ sí. Fódà kan tó ń jẹ́ /idanwo/ ni.

Ta ló dá fódà idanwo? Èmi ni. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé WordPress kejì síbẹ̀ láti fi oríṣi àwọ̀ méjì han Alhájà. Wọ́n ní èkíní dà bí pósítà ìdìbò, wọ́n mú èkejì, mo sì gbàgbé èkíní síbẹ̀, tòun ti theme Telegram náà. WP-VCD kì í dúró sójú kan: tó bá ti wọ WordPress kan, á wá gbogbo WordPress mìíràn tó wà nínú hosting yẹn lọ. Mo ń fọ pálọ̀ lójoojúmọ́, eku ń gba bọ́ìsì kọ́tà wọlé. Mo wo àwọn theme tí WordPress fúnra rẹ̀ máa ń gbé wá, tí n kò lò rárá, functions.php tiwọn náà ti kó o. Theme tí ẹ kò lò, ẹ pa á rẹ́. Pé ẹ kò lò ó kò ní kí olè má lò ó.

Mo pa fódà idanwo rẹ́, mo pa dátábéèsì rẹ̀ rẹ́, mo fọ ilé ńlá lẹ́ẹ̀kẹta. Hosting náà ní Terminal, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ, mo lo WP-CLI níbẹ̀ láti wò ó bóyá fáìlì WordPress àti ti plugin (àfikún bíi WooCommerce) bá ojúlówó mu: wp core verify-checksums, lẹ́yìn náà wp plugin verify-checksums --all. Nígbà tí "Success" jáde, n kò gbé e sórí status. Mo dúró kí ilẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò padà. Mo jó nínú yàrá, n ò purọ́.

Mo wá fi DISALLOW_FILE_EDIT sínú wp-config.php kí ẹnikẹ́ni má lè ti dáṣíbọ́ọ̀dù kọ kóòdù mọ́, mo fi .htaccess, fáìlì tó ń pàṣẹ fún sáfà, dí PHP (kóòdù tó lè ṣiṣẹ́) nínú fódà uploads, ibi tí àwòrán ń gbé, torí kí ni fáìlì PHP ń wá láàárín àwòrán aṣọ? Mo tan 2FA, ìdánimọ̀ kejì lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, fún èmi àti Alhájà. Ti Alhájà gbà wá ní wákàtí kan, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Backup ń lọ sí Google Drive báyìí pẹ̀lú UpdraftPlus, kò sí èyí tó ń sùn lórí hosting mọ́.

Theme ńkọ́? Storefront ni mo fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn tó ni WooCommerce ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ti wà ní wordpress.org látọjọ́ tí mo ti ń fi ₦2,000 ránṣẹ́ sí ẹni tí n kò mọ̀ rí. Alhájà ní ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ó yára ṣí.

Ohun tó ń bí mi nínú sí ara mi ni ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Fídíò ni mo wò títí, àwọn tó ń fi bí nǹkan ṣe ń dán hàn mí. N kò ṣí learn.wordpress.org rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. N kò mọ iṣẹ́ functions.php rárá títí olè fi kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ó wà ní developer.wordpress.org kedere. Gbogbo ìdánwò mi, orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń ṣe é nísinsìnyí pẹ̀lú Local, ohun èlò tó ń gbé WordPress sórí kọ̀ǹpútà ẹni. Iná lè lọ, àmọ́ kò sí àjèjì tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

Ó wá ku Google, tó ti kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ ìkànnì náà pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí i gbà. Mo wọ Search Console, ibi tí Google ti ń bá ẹni tó ni ìkànnì sọ̀rọ̀, mo wò ó bóyá wọ́n ti fi àjèjì kún àwọn tó ni ín, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, mo tẹ Request Review, pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ó gba ọjọ́ mẹ́fà. N kò gbowó kankan lọ́wọ́ Alhájà. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gbà á?

Lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ náà kúrò, Alhájà pè. Wọ́n ní ọmọ àbúrò àwọn ti wọlé, aṣọ ló rí, ó ti ra méjì.

"Ó ní kí n bi ẹ́ o: fóònù tí òun jẹ lọ́jọ́sí ńkọ́?"