Bẹ́ẹ ṣe máa pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì Ìjàpá láì fi òòlù ba ẹ́ńjìnnì jẹ́

Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò Volkswagen Beetle, ṣì wà nínú ọgbà àwọn bàbá wa n'Ìjẹ̀bú-Òde, n'Ípẹru, n'Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n ti pa tì torí kílọ́ọ̀ṣì lásán, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì dáa o. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975, èyí tó kẹ́yìn pátápátá lágbàáyé jáde ní Mẹ́síkò ní 2003, torí náà fúláíwíìlì (irin rìbìtì tí kílọ́ọ̀ṣì jókòó lé lára ẹ́ńjìnnì) tẹ́ẹ bá fi òòlù bà jẹ́ lónìí, ẹ máa wá òmíì dé ọjà Ládípọ̀ kẹ́ẹ tó rí èyí tó ṣeé lò. Irinṣẹ́ tó yẹ ló máa gbà yín. Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ gbé e jáde kí Ọjúde Ọba tó dé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kù.

Ẹ kọ́kọ́ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 mm, èyí tó nípọn tó ń lo ọwọ́ ¾ ínṣì, torí ½ ínṣì máa kán. Ẹ wá páìpù irin tó máa wọ ọwọ́ yẹn. Angle iron tó gùn tó mítà kan, wẹ́ldà èyíkéyìí ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè lu ihò méjì sí i fún yín. Ẹ tún máa nílò torque wrench kékeré (sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ẹ fi ń di bóòtì), dial gauge (aago tó ń wọn ìrìn kékeré irin, èyí ẹ lè yá), àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé díìsìkì kílọ́ọ̀ṣì sí àárín, ṣáàfù gíà àtijọ́ tí wọ́n gé lórí ló dáa jù fún un, tẹ́ẹ ò bá rí, kí àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin gbẹ́ ọ̀kan fún yín.

Ẹ yọ orí bátìrì, abẹ́ àga ẹ̀yìn ló wà. Ẹ lẹ bébà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan kẹ́ẹ tó yọ ọ́, ẹ tú wáyà àsílírétọ̀ lára kábúrétọ̀ àtàwọn wáyà hítà méjèèjì, kẹ́ẹ fa rọ́bà epo yọ kẹ́ẹ sì fi bóòtì tó mọ́ dí ẹnu ẹ̀. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè sórí stand, jáàkì nìkan ò tó o, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé jáàkì oníkẹ̀kẹ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi pákó sí i láàárín, ẹ tú bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́ gíàbọ́ọ̀sì, sípánà 17 ni, méjì wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn gbọọrọ kí ṣáàfù gíà jáde tán pátápátá kẹ́ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá fi gbogbo ìwúwo ẹ̀ kọ́ sára ṣáàfù, díìsìkì máa tẹ̀.

Bóòtì mẹ́fà ló de pírẹ́ṣà pléètì (irin tó ń tẹ díìsìkì mọ́ fúláíwíìlì), ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọ ara wọn. Kẹ́ẹ tó ra tuntun ẹ wọ̀n díìsìkì yín, torí ti ẹ́ńjìnnì 1200 jẹ́ 180 mm, ti 1500 àti 1600 jẹ́ 200 mm, wọn kì í lo ti ara wọn. Ẹ pààrọ̀ bẹ́ríìnì kílọ́ọ̀ṣì náà pọ̀ mọ́ ọn.

Tí inú ibẹ̀ bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ọ́ìlì gíà nípọn ó sì ń rùn bí imí ọjọ́, ìyẹn túmọ̀ sí pé síìlì gíàbọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, síìlì ẹ̀yìn fúláíwíìlì ló bàjẹ́, fúláíwíìlì gbọ́dọ̀ kúrò, ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń mú ṣísẹ̀lì nìyẹn, ẹ má gbà! Ẹ fi bóòtì méjì de angle iron yẹn mọ́ ihò pírẹ́ṣà pléètì kí ẹnu ẹ̀ kejì fi ara ti ilẹ̀, fúláíwíìlì ò ní lè yí mọ́, ẹ wá ki sọ́kẹ́ẹ̀tì 36 bọ nọ́ọ̀tì àárín pẹ̀lú páìpù, ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bó ṣe jókòó kó lè padà síbẹ̀. Síìlì tuntun, ẹ má tíì fi sí i kẹ́ẹ tó wọn shim bó ṣe wà nísàlẹ̀ yìí, tó bá wá yá, ẹ máa tì í wọlé yí ká lọ́gbọọgba, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣáájú ó ti fẹ́ máa jò.

Ẹ wo shim mẹ́ta (òrùka irin pẹlẹbẹ) tó wà lẹ́yìn fúláíwíìlì, àwọn ló ń sọ bí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì ṣe máa rìn síwá sẹ́yìn tó. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.07 sí 0.13 mm. Kẹ́ẹ tó fi síìlì sí i, ẹ fi shim méjì péré sí i, ẹ di fúláíwíìlì padà, ẹ gbé dial gauge sí i kẹ́ẹ fa fúláíwíìlì kẹ́ẹ tún tì í, iye tẹ́ẹ bá rí ẹ yọ 0.10 kúrò nínú ẹ̀, ohun tó kù ni kí shim kẹta nípọn tó.

Nọ́ọ̀tì àárín yẹn ń fẹ́ 294 Nm, ìyẹn bíi kí kìló 30 fà á ní mítà 1. Àwọn tí ò ní torque wrench ńlá, ẹ di páìpù fífúyẹ́ mọ́ ọn kó nà gbọọrọ, ẹ so àpò ìrẹsì kìló 25 kọ́ sí mítà 1.2 láti àárín nọ́ọ̀tì, ó máa sún mọ́ ọn gan-an. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sínú bẹ́ríìnì tó wà nínú nọ́ọ̀tì yẹn, díẹ̀ ni o, tó bá pọ̀ ó máa fò sára díìsìkì.

Ẹ gbé díìsìkì sípò, ẹ ki ọ̀pá yẹn bọ̀ ọ́ títí dé inú bẹ́ríìnì, ẹ di bóòtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí 25 Nm, ẹ wá fa ọ̀pá jáde. Ẹ́ńjìnnì máa wọlé wẹ́rẹ́. Tí kò bá wọlé ẹ má fi bóòtì fà á o, ẹ yí fúláíwíìlì díẹ̀. Bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́ gíàbọ́ọ̀sì jẹ́ 30 Nm. Ẹ fi nọ́ọ̀tì apá òsì gíàbọ́ọ̀sì tún wáyà kílọ́ọ̀ṣì ṣe kí ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì máa rìn lófo bíi 10 sí 20 mm. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kẹ́ẹ fi sí rìfáàsì. Tó bá wọlé láì han gẹ̀ẹ̀, ó ti ń já bó ṣe yẹ.