Bí Ẹni Tó Ní Aromọléegun Ṣe Lè Múra De Dókítà

Kí ẹ tó lọ rí dókítà nítorí oríkèé ara tó ń dùn yín, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ bí ara ṣe ń ṣe yín sílẹ̀. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni bí oríkèé ṣe ń le láàárọ̀: ẹ wo aago nígbà tí ẹ bá jí, kí ẹ sì tún wò ó nígbà tí ìka yín bá tó lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bí ó bá ju wákàtí kan lọ, tí oríkèé sì wú, ó lè jẹ́ rheumatoid arthritis, nínú èyí tí agbára tó yẹ kó dáàbò bo ara ń bá oríkèé jà. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú 30, tó jẹ́ pé ìrìn ló ń dá orúnkún lóró, ó sábà máa ń jẹ́ pé orí eegun inú oríkèé ló ti ń gbó. Ìtọ́jú wọn yàtọ̀ síra gidigidi.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo. Ẹ má tijú rárá. Ibuprofen àti diclofenac, tí í ṣe oògùn ìrora, lè dá egbò sínú ikùn, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́, dókítà tí kò bá mọ̀ sì lè tún kọ irú wọn fún yín.

Bí wọ́n bá kọ methotrexate, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rheumatoid arthritis, ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹ ó máa lò ó, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni. Lílò ó lójoojúmọ́ lè pa èèyàn.