Ìrírí mi: bí mo ṣe kọ́ àwọn eléré mẹ́ta l'Ájàṣẹ́ kí wọ́n má fi "dáadáa ni" dá mi lóhùn mọ́

Ọ̀sẹ̀ 12 ni mo fi múra eléré mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdíje triathlon níbí l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin). Fún ẹni tí kò mọ eré náà: wàá lúwẹ̀ẹ́ 1.5 kìlómítà, wàá gun kẹ̀kẹ́ 40 kìlómítà, wàá sì fẹsẹ̀ sá 10 kìlómítà lé e, kò sí ìsinmi láàárín. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Òlíḿpíìkì nìyẹn láti ọdún 2000 tí eré náà ti wọ ibẹ̀ ní Sydney. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pẹ́ nídìí eré. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ Aguégués, inú ọkọ̀ ojú omi ló dàgbà sí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ṣakẹ́tẹ́, kẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ Kétu, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ẹtu. Ọ̀rọ̀ ọmọ Kétu yìí ni mo fẹ́ sọ jù, torí òun ló là mí lójú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Gbogbo alẹ́ Sunday ni mo ń fi ètò ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òpó méje, gbogbo rẹ̀ ní Faransé: ìṣẹ́jú, ìwọ̀n eré, iye ìgbà tí ọkàn gbọ́dọ̀ lù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Olúkúlùkù ní aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn àti oorun, tó sì ń fi í hàn mí lórí fóònù. Bí mo bá jí, àwọ̀ ni mo ń wò. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, iṣẹ́ yá. Lẹ́yìn náà ni mo máa kí wọn: "Ṣé dáadáa lo jí?" Wọ́n á dáhùn: "Dáadáa ni, ẹ̀gbọ́n. A dúpẹ́."

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a wà lójú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́. Ọyẹ́ mú, ojú ọ̀nà funfun fún eruku. Mo wà lórí alùpùpù lẹ́yìn wọn. Nígbà tó tó wákàtí kan, ọmọ Kétu dẹ eré, ó bọ́ sílẹ̀, ó rọra fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta epo kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́) nínú ìgò, ó sì di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbóná janjan. Mo wo fóònù: àwọ̀ ewé. Zémijan, ọ̀kadà tiwa níbí, ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ibà ni.

Lálẹ́, àǹtí tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé òtútù ti ń gbọ̀n ọ́n láti òru mẹ́ta. Òógùn ń bò ó, ó sì bọ́ aago sílẹ̀ kó lè sùn. Kí ni fóònù mi wá ń fi hàn mí? Ti ọjọ́ tó ti kọjá. Ó ti sọ fún àǹtí rẹ̀, kò sọ fún mi. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, aago márùn-ún lẹ ń jí nítorí tiwa. Ẹnu wo ni n ó fi sọ pé ó rẹ̀ mí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mi ò lè bínú sí i. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá náà á kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó sọ ohun tó ń ṣe é, bí ẹni tó ń kí i bá sì jẹ́ àgbà, ó lè má sọ rárá. Èmi ló béèrè ìbéèrè tí kò sí èsì mìíràn fún.

Mo yí ìbéèrè padà. Kíkí ò kúrò, a ṣì ń kí ara wa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkíni mo ń béèrè ohun tí a lè kà: Ẹ̀ẹ̀melòó lo jí lóru? Kí lo jẹ kù sínú abọ́ lálẹ́ àná? Nígbà tí o dìde, ibo ló kọ́kọ́ dùn ọ́? Ohùn ni mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, torí ohùn ẹni tó rẹ̀ kì í fara pa mọ́. Èyí tó kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti sọ pé ẹsẹ̀ òun wúwo, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà á rí ẹnu sọ tiwọn.

Lẹ́yìn náà ni mo kan ètò òpó méje yẹn. Mo sọ ọ́ di ojú ìwé kan, ní Yorùbá, iṣẹ́ líle mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìyókù kó rọrùn. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó rọrùn? Ìlù ọkàn nìkan kò tó, torí nínú ooru, ọkàn tún ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kí ara lè tutù, iye rẹ̀ á máa gòkè bí eré kò tiẹ̀ yára sí i. Ìkíni la fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí o bá pàdé ìyá àgbà kan lọ́nà tí o sì lè kí wọn tán, "Ẹ kú àárọ̀ mà, ṣé ẹ jí dáadáa, àwọn ọmọ ńkọ́?", eré ìrọ̀rùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ "Ẹ kú àárọ̀" nìkan ló jáde, o ti kúrò nínú ìrọ̀rùn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan lo lè nà, eré ìdíje lò ń sá. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sá eré ìrọ̀rùn ju bó ṣe yẹ lọ mọ́.

A kò ju ẹ̀rọ nù. Aago ń ka ọ̀nà àti àkókò. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á sọ bó ṣe le tó láti 0 dé 10, a ó fi ìṣẹ́jú sọ ọ́ di púpọ̀: 7 nínú iṣẹ́ ìṣẹ́jú 60 jẹ́ 420. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Òṣùwọ̀n ìwúwo ara náà wúlò: ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ jáde gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan ààbọ̀, ó fi kìlógíráàmù méjì sílẹ̀ lọ́nà. Nǹkan bíi lítà omi méjì nìyẹn, ike kékeré kan ló sì gbé dání. Kò tún jáde pẹ̀lú ike kan mọ́.

Lórí ọ̀sà, ọmọ Aguégués ń lúwẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nílé wọn, orí lókè, ẹsẹ̀ á wá máa rì. Mo ti ṣàlàyé títí, kò yí padà. Mo fi fóònù sínú ọ̀rá, mo jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, mo ya fídíò rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Hà, ẹsẹ̀ mi dà bí ìdákọ̀ró!" Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fi kún un: wo ìsàlẹ̀. Ibi tó kù, òun ló kọ́ mi. Omi ọ̀sà dúdú, kò sí ìlà kankan nísàlẹ̀ tí o lè tẹ̀ lé. Ó ń mú igi kan létí omi, á gbójú sókè díẹ̀ wò ó, á tún tẹ orí ba. Mo ní kí àwọn méjì tó kù máa ṣe bíi tiẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, agogo márùn-ún àárọ̀, ohùn ọmọ Kétu wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jí. Ẹ jẹ́ ká fi tòní sílẹ̀." Mo fa ìlà sórí iṣẹ́ ọjọ́ náà, mo sì padà sùn.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló parí ìdíje. Ọmọ Kétu jáde nínú kẹ̀kẹ́ ní ipò kọkànlá, ó sì fi ẹsẹ̀ gbà á dé ipò kẹrin. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè: ẹ̀ẹ̀melòó lo jí lóru?

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tiẹ̀ sùn."