Ìdọ̀tí nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ilé bá ti rí rúdurùdu tẹ́ ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan wọ́dúróòbù rárá, ẹ mú láílọ́ọ̀nù dúdú ńlá kan kẹ́ ẹ kó ìdọ̀tí pọ́ńbélé nìkan sínú ẹ̀, ike omi, páálí, ṣájà tó ti kú, ọmọrí tí ò ní abọ́ mọ́ (gbogbo wa la ní in). Ìdọ̀tí ò gba ìrònú, ìyẹn ló fi ń ṣiṣẹ́, torí "ṣé kí n tọ́jú ẹ̀ àbí kí n jù ú" yẹn gan-an ló ń tán èèyàn lókun, tílẹ̀ bá sì ti hàn díẹ̀ ẹ máa rí àyè to ìyókù sí. Ẹ fi fóònù sí ìṣẹ́jú 15, tó bá dún ẹ sinmi. Ìwé nìkan ni ọgbọ́n yìí ò bá lọ o, rìsíìtì ilẹ̀ àti sàtífíkéètì máa ń wà láàárín pépà àtijọ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí kan dọjọ́ tára bá balẹ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé láílọ́ọ̀nù yẹn jáde lọ́jọ́ náà, tó bá fi sùn sẹ́yìn ilẹ̀kùn àwọn ọmọ á tún un tú.