Ìtọ́jú eyín àwọn àgbàlagbà akanda ẹ̀dá: iṣẹ́ tó kan òṣìṣẹ́ wẹ́fíà

Ẹni tí kò lè sọ pé "eyín ń dùn mí" á fi ìṣesí sọ ọ́. Bó bá ṣàdédé kọ oúnjẹ, tó ń gbá ara rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń fa orí sẹ́yìn bí omi tútù bá kàn án lẹ́nu, ẹ má tètè kọ ọ́ sínú fáìlì pé agídí ni. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

Kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ní kí ará ilé kó páálí àti ike oògùn rẹ̀ gbogbo jáde. Àfẹnusọ kò tó. Ẹ da orúkọ àti ìwọ̀n wọn kọ. Phenytoin, oògùn wàrápá, lè mú kí èrìgì wú bo eyín. Ọ̀pọ̀ oògùn ọpọlọ máa ń gbẹ itọ́ lẹ́nu, kòkòrò a sì tètè jẹ eyín. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó yọ eyín. Ẹ tún béèrè bóyá ó ní àìsàn ọkàn. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o: wàrápá lè gbé e ṣubú lórí àga dókítà.

Ẹ gba àkókò àárọ̀. Bó bá ń bẹ̀rù, kí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìfojúmọ̀ lásán: kó jókòó sórí àga, kó rí iná, kó máa lọ sílé. Òfin akanda ẹ̀dá tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2019 ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn lórí ìlà. Ẹ rán òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn létí pẹ̀lú sùúrù. Akanda ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ sì ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bó bá ju yín lọ, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu, sà" ni.

Ilé gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ kọ́ olùtọ́jú rẹ̀ kó dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó gbé orí rẹ̀ ti àyà, kó fi ọwọ́ kan gbá àgbọ̀n mú. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, ọṣẹ ìfọyín oní fluoride (èròjà tó ń mú eyín le) tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ìṣẹ́jú 2, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti alẹ́ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kó máa yí búrọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ níbi tí eyín ti pàdé èrìgì. Bó bá ń gé búrọ́ọ̀ṣì jẹ, ẹ fi ọ̀kan há a lẹ́nu lápá kan, kí ẹ fi èkejì fọ apá tó kù. Ìka kò gbọdọ̀ wọ àárín eyín. Bí èrìgì bá ṣẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló sábà ń fà á; tí wọ́n bá tìtorí ẹ̀jẹ̀ pa fífọ̀ tì, á tún burú sí i.

Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú dé ojú tàbí ọrùn, tàbí tí kò lè gbé itọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.