Bí wọ́n ṣe ń fi ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà yẹ ara àgbàlagbà wò

Tẹ́ ẹ bá bi bàbá ẹni ọdún 78 pé "Ṣé ara le?", á ní "A dúpẹ́", ó parí nìyẹn, ẹ ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Ṣáínà, Kòríà àti Japan kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á wo èèyàn, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹ̀ kí wọ́n sì gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á bi í léèrè, wọ́n á wá fọwọ́ kàn án.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ahọ́n, láàárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn yẹ́lò. Kó má tíì mu kọfí o, kó má sì ha ahọ́n, torí àwọ̀ ẹ̀ á yí padà. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan funfun tó bò ó ki àbí ó fẹ́lẹ́, bóyá ó sán, bóyá ojú eyín hàn létí ẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó mumi.

Ìbéèrè ló kàn, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà lójú tèmi. Zhang Jingyue, dókítà kan ní Ṣáínà láyé àtijọ́, nígbà ìjọba Ming, to ìbéèrè wọ̀nyí tẹ̀léra: òtútù àti ooru, òógùn, orí àti ara, ìgbẹ́ àti ìtọ̀, oúnjẹ, àyà, etí, òùngbẹ. Ẹ má bi í pé "Ṣé ẹ ń tọ̀ lóru?", ẹ ní "Mélòó lẹ dìde tọ̀ lánàá?" Tó bá ní òtútù ò mú òun, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ lè bá a tó tutù bíi yìnyín nínú sọ́kìsì. Kí ẹ wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, 0 tí kò bá sí, 4 tó bá le gan-an, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ní wákàtí kan náà. Tí ìbàdí bá ń dùn ún, tí orúnkún ò lágbára, tí etí ń hó, tó sì ń tọ̀ lóru, wọ́n á ní kídìnrín ẹ̀ ti rẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni àìsàn kídìnrín tí wọ́n ń yẹ̀jẹ̀ wò fún, ẹ má lọ kó jìnnìjìnnì bá màmá àgbà.

Iṣan ọrùn ọwọ́ ló gbẹ̀yìn. Ìka àárín á wà níbi egungun tó yọ díẹ̀ lápá àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá sápá àtẹ́lẹwọ́, ìka òrùka sápá ìgúnpá. Bó ṣe ń lù lẹ́ẹ̀mẹrin sí márùn-ún tí ẹ bá mí sínú tẹ́ ẹ sì mí síta lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dáa. Ó wuyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà méjì lè di ọwọ́ kan náà mú kí wọ́n sọ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iṣan àgbàlagbà sì máa ń le, ẹ má gbára lé e ju ìbéèrè lọ.

Tí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ tàbí tí apá kan kú, ẹ gbàgbé ahọ́n, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ kọ òògùn tó ń lò àti àsìkò tó lò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì, torí òògùn ìfúnpá mìíràn tó bá fi ìrọ̀lẹ́ lò ó, òun gan-an ló ń jí i láti lọ tọ̀.